Mo Tún Fojú Kan Kàbà

Lọ́kọ́ja ni mo ti wọ mọ́tò. A kọjá Ọbájánà àti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀, ọ̀nà kọnkéré sì gbé wa wọ Kàbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí mo ṣe rí àwọn òkè yẹn báyìí, omijé bọ́. Dírẹ́bà ní, "Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwárà ni Kàbà ṣì wà nígbà tí bàbá mi ń ṣe tíṣà níbẹ̀, kí wọ́n tó dá Kógí sílẹ̀ ní 1991. Mo bá ìyá tí màmá mi máa ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà. Kò dá mi mọ̀ àfi ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀: "Òkun o! Ọmọ Tíṣà!" Ló bá fi iṣu ńlá kan ṣe èènì fún mi. Èdè Owé, èdè àwọn ará Kàbà, tí mo fi dúpẹ́ ti dógùn-ún díẹ̀. Ẹ̀rín pa á.

Ilé tí a háyà ti di ṣọ́ọ̀bù fóònù. Ó dùn mí, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ṣì wà. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tajà bóyá ó ṣì ń so. Ó ní ó ń so dáadáa, àwọn ọmọ iléèwé ni kì í jẹ́ kó pọ́n.