Àwòṣe Nucleus, Ọjọ́ Kẹfà: Òwú Dúdú Kọ Ògiri

Mo ti gé bọ́ọ̀lù ike tí mo fi ń ṣe àwòṣe nucleus, àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA wà, sí méjì, mo ti lu àwọn ihò ara rẹ̀ tán, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tó dúró fún nucleolus, ìṣù kékeré inú nucleus, sì ti wà ní àyè rẹ̀.

Òwú dúdú ló dá mi dúró. Òun ni mo yàn fún chromatin (DNA àti àwọn purotéènì tó so mọ́ ọn) tó ki, èyí tí Emil Heitz sọ ní heterochromatin ní ọdún 1928, mo sì fi ìda oyin pa á kí ó lè máa ṣù pọ̀. Òwú funfun tí a so mọ́ ọn dúró fún èyí tí kò ki. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ki a máa tò mọ́ ògiri nucleus, níbi tí àwọ̀n tí purotéènì lamin hun wà, a sì máa rọ̀gbà yí nucleolus ká, ṣùgbọ́n a máa fi iwájú ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gbalasa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike ní alẹ́ àná. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ yìí, àtè kò mú ìda rárá. Bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ dá dúdú padà sára ògiri, ṣe ni fọ́nrán kan ń wọ́ èkejì tẹ̀ lé ara rẹ̀, títí gbogbo wọn fi di ìṣù kan ṣoṣo láàárín, tí funfun sì yí i ká.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dà á nù, kí n tó rántí pé nucleus sẹ́ẹ̀lì rod, sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú eku, gan-an nìyí. Èyí tó ki ló wà láàárín níbẹ̀, èyí tí kò ki ló wà létí, ètò yìí kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá fọ́n ká púpọ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà kò ní lamin A/C àti lamin B receptor, àwọn purotéènì tó máa ń so heterochromatin mọ́ ògiri, nítorí náà ó fà mọ́ ara rẹ̀. Ìda mi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àtè ni kò ṣe tirẹ̀.

Mo tún jẹ ẹni tó ta òwú náà fún mi ní àforíjì, nítorí mo ráhùn nínú àkọsílẹ̀ tó kọjá pé òwú rẹ̀ tín-ín-rín níbì kan, ó sì nípọn níbòmíràn. Ìwádìí tí wọ́n fi microscope ṣe ní 2017 fi hàn pé fọ́nrán chromatin kò dọ́gba nínú sẹ́ẹ̀lì, pé fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín nanomita 5 sí 24. Okùn tó wé dọ́gba ní nanomita 30, tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, kò hàn níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ ni pé n óò tú u palẹ̀ lọ́la, kí n sì fi abẹ́rẹ́ rán dúdú mọ́ ike, ṣùgbọ́n mo ti yí ọkàn padà. Bọ́ọ̀lù mìíràn ni n óò rán. Èyí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ti eku. Àmọ́ fọ́nrán 46 ti ènìyàn ni mo kó sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún chromosome kan (ẹyọ chromatin kan), 40 sì ni chromosome eku, nítorí náà mo ní láti wá bí n óò ṣe fa mẹ́fà yọ nínú ìṣù tí ìda ti dì yìí.