Ọmọ Ìjàpá ń sùn

Ọjọ́ Ajé, alẹ́.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Iná ò wá. Aṣọ ẹbí tí mo ní yóò jáde lónìí kò jáde, mo ti pe oníbàárà, mo ti bẹ̀ wọ́n. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ kan ló bọ́ sí mi létí ní nǹkan bí aago 4, kò sì tíì jáde níbẹ̀ títí di báyìí. "Ẹ má pariwo o, ọmọ Ìjàpá ń sùn."

Àbẹ̀kẹ́ ló sọ ọ́. Òun àti àwọn ọmọ ilé ìsàlẹ̀ ni òjò há mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni wọ́n bá ń ṣe ẹkùn mẹ́ran níbẹ̀. Ẹran wà láàárín, ẹkùn ń fi orí wá ọ̀nà láti wọlé, àwọn yòókù di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń ké "mẹ̀ẹ́, mẹ̀ẹ́" tí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Èmi jókòó sídìí maṣíìnì, mò ń tú apá aṣọ kan tí mo rán sódì. Lójijì ni igbe náà dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, jẹ́jẹ́, bíi ti àgbàlagbà.

Mo yọjú. Agolo tòmátì kan ló tẹ́ sórí àpótí. Ó ti ki agolo náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀, ó fi ègé áńkárá bò ó, ó wá ká ẹnu ìbọ̀sẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀, bí a ṣe ń ká aṣọ kúrò lójú ìkókó kó lè rí èémí mí.

Inú àlọ́ tí Màmá pa fún wọn lálẹ́ Àbámẹ́ta ló ti mú un. Ẹ mọ àlọ́ náà, èyí tí a máa ń gbe alugbinrin sí. Yánníbo ò rọ́mọ bí, Ìjàpá lọ bá babaláwo, wọ́n se àsèjẹ fún un pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, kó má tọ́ ọ wò. Gbòǹgbò gbé e ṣubú lọ́nà, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, ó fọwọ́ kan ẹnu, ó bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ni ikùn bá ń wú. Gbogbo wa la gbè é. Èmi náà gbè é, ó sì ti ṣe díẹ̀ tí mo ti kọrin nínú ilé yìí kẹ́yìn. Nígbà tí Màmá bi wọ́n léèrè ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́, ọmọ ilé ìsàlẹ̀ ní ojúkòkòrò ò dáa. Màmá ní ó káre. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Màmá, ọmọ inú ikùn Ìjàpá ńkọ́?"

"Ọmọ wo? Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló kú yẹn, ìwọ ń bi mí léèrè ọmọ."

A rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọdún 30 tí mo ti mọ àlọ́ yìí, mi ò ronú kan ọmọ yẹn rí.

Màmá kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, wọ́n ní èèwọ̀ ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń fi eré pa èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n "ẹ má pariwo" yẹn. Ohùn Màmá gan-an ni. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà: ẹ má pariwo, Mọ́mì yín ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà náà mọ̀. A ò sọ nǹkan kan fún Àbẹ̀kẹ́. A ní ọmọ ọdún 5, kí ló fẹ́ mọ̀. Ó rí ikùn mi, ó ń fọwọ́ kàn án, ó ti bá a sọ̀rọ̀, ó ti fún un lórúkọ. Nígbà tó yá, kò rí ikùn mọ́, ilé sì dákẹ́. Kò bi wá. Nígbà tó sì bi Màmá léèrè ọmọ Ìjàpá, a fi rẹ́rìn-ín.

Tàbí mo ń rò ó jù. Lánàá àpótí yẹn kan náà ni mọ́tò, ó ń pe èrò, "Dùgbẹ̀, Dùgbẹ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín." Eré náà ni.

Rárá. Mo rí bó ṣe ká ẹnu ìbọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìyá àgbà mi ní Ìgbó-Ọrà ní ère ìbejì kan nínú yàrá wọn. Ọ̀kan nínú ìbejì wọn ló kú. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn pa á lára, ojú ère náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí fífọ̀. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà fún èyí tó wà láyé, wọ́n á bù fún un. Kò sẹ́ni tó ní eré ọmọdé ni ìyá àgbà ń ṣe. Èmi ò ní nǹkan kan tí mò ń wẹ̀. Mo kàn ń sùn ni, wọ́n sì ń bá mi lé ariwo lọ.

Inú ń bí mi. Mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Mo fẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́ lọ́la kí n sọ fún un… kí n sọ kí ni?

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ dé, wọ́n ń wá ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kejì. Mo ní kí wọ́n wọ òmíràn. Wọ́n wò mí, wọn ò béèrè.

Nígbà tó fẹ́ sùn, ó gbé agolo náà wá bá mi. Mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ. Orúkọ tí mo mọ̀ ni.

"Ẹ gbé e dání o, Mọ́mì. Ó máa ń jí lóru."

Orí itan mi ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí.