Náírà méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún

Ọdún 17 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, fi gbé inú yàrá àti pálọ̀ ní Àpáta, bí ọdún bá sì ti ń lọ sópin ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ nítorí owó ilé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n ń yọ náírà 2.5 nínú 100 kọ̀ọ̀kan owó oṣù rẹ̀. Ó ń rí NHF lórí ìwé owó oṣù, ó sì rò pé owó orí ni.

Owó orí kọ́. National Housing Fund ni NHF, àpò owó ilé gbígbé tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, Federal Mortgage Bank, báńkì ìjọba àpapọ̀ tó ń yáni lówó ilé, ló sì ń bójú tó o. Ẹni tó bá ti dá a fún oṣù 6, títí kan oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀, lè tọrọ owó tí yóò fi kọ́lé tàbí rà á, ní èlé 6 nínú 100 lọ́dún, kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún tó lè tó 30, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gbà á. Inú èlé yìí gan-an ni ìrànlọ́wọ́ náà wà. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù 5 náírà fún 20 ọdún yóò máa san nǹkan bí 36,000 lóṣù, àtèlé àtojú owó. Bí èlé bá jẹ́ 25 ni, ti oṣù àkọ́kọ́ nìkan ti ju 100,000 lọ, kò sì tí ì kan ojú owó rárá.

Ìwé ilẹ̀ ló ń dí wa lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, báńkì kò sì ní yáni lówó lórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé tó dúró, irú bíi C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń dá Bódìjà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba fúnra rẹ̀ ló la ojú ọ̀nà, tó sì pín ilẹ̀. Ní Mọ́níyà tí ẹ̀gbọ́n mi ra tirẹ̀, rìsíìtì ẹbí tó tà á àti sọ́fè nìkan ló rí gbà, ó sì ti ń kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá búlọ́ọ̀kù dúró, kí ó kọ́kọ́ fi owó náà ṣe ìwé. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó gbà.

Mo dé ibẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Koríko ti bo òkìtì búlọ́ọ̀kù náà, àmọ́ píláà sọ́fè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dúró, nọ́ńbà ara wọn sì hàn kedere.