Àyẹ̀wò ọdún mi: èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi

Ní oṣù kìíní, mo kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé kékeré tí mo fi ń ṣírò owó ọjà: kí n gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Pánsẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, kí n kọ́ mọ́tò wíwà, kí n máa lọ wo màámi lóṣooṣù, kí n sì máa tètè sùn. Ṣọ́ọ̀bù kò bọ́ sí i. Owó aṣọ funfun àti kọ́sítíìkì tí mo fi ń ṣe àdìrẹ, tó ń fò sókè lójoojúmọ́ ní ọjà Ìtòkú, ló jẹ ìyẹn, kì í ṣe ajá. Mọ́tò ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo jókòó sídìí síárìn. Ti oorun, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀ ná.

Ajá kò sí nínú ìwé yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló gba ọdún náà lọ́wọ́ mi.

Bàámi ló gbé e wálé nínú páálí mílíìkì ní 2012, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àgbà ṣe ń fi orúkọ ajá bá ènìyàn wí: wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi gbogbo ohùn pe ajá, ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì gbọ́ nínú ilé tirẹ̀. Aládùúgbò tí wọ́n ń fi orúkọ náà pòwe mọ́ ti kó lọ. Bàámi náà ti lọ. Ajá ló kù, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ojú rẹ̀ méjèèjì ti dà bí omidùn. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Táìsì pálọ̀ wa ń yọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa ya sọ́tùn-ún sósì bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ni mo bá tẹ́ kámpálà tí aró rẹ̀ kò mú sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi abọ́ omi rẹ̀. Aṣọ tí oníbàárà kọ̀, ajá gbà á. Etí rẹ̀ náà ti di. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A máa ń pa òwe yẹn bí ẹni pé oríkunkun ló dí ajá náà létí. Ó lè jẹ́ pé ó ti darúgbó ni. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ pè é, mo máa ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ kó lè mọ̀ ọ́n lára. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án lójú oorun mọ́, torí ó ti ta gìrì jí lọ́jọ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ.

Oṣù karùn-ún ni mo ṣe ohun tó ń dùn mí jù. Ó ń tiro, mo ní ohun tó ń ṣe orúnkún màámi náà ló ń ṣe é. Mo fi ibuprofen màámi sínú òkèlè èbà fún un, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, kò jẹun, ó ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà. Mo fi ìró wé e, mo gbé e dé títì. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọ̀ wá. Ìkẹrin gba owó ìlọ́po méjì kó tó gbé wa dé ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, ọ̀nà tó jìn yẹn, tí ajá ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lórí itan mi.

Dókítà obìnrin kan, ọmọdé ni lójú mi, béèrè ohun tí mo ti fún un. Irọ́ ti dé ètè mi. Mo sọ òótọ́. Kò pariwo, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

"Mà, ìgbẹ́ dúdú yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni. Oògùn yẹn máa ń dá egbò sí ajá nínú, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fún un ní oògùn ènìyàn kankan mọ́ láìbi wá."

Ó wá béèrè ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn. Mo ní ajá àgbà ni, kì í jáde. Ó ní, "Ajá tó ń jáde lè wọlé wá bá a." Ọdún méjì ni mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè abẹ́rẹ́ yẹn. Omi la kọ́kọ́ fà sí i lára. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi dúró títí ara rẹ̀ fi mókun.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n tà á kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tiẹ̀ mú okùn dání wá díye lé e. Mi ò bá a jà, mo kàn ti ìlẹ̀kùn. Màámi ní, "Àbẹ̀ní, ajá ń jẹ ẹran, èmi ń jẹ pọ̀nmọ́." Wọn ò parọ́. Ìgbà tí wọ́n wá kí wa ní oṣù kẹwàá, Tanímọ̀la tọ̀ sí bàtà aláwọ wọn. Mo ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ṣebí wọ́n ní àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́? Kò bà á jẹ́, ó tọ̀ sí i ni."

Òru ló le jù. Ó máa ń sùn lọ́sàn-án, á wá máa rìn kiri lóru, á lọ dúró kọjú sí ògiri bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Dókítà ní ọpọlọ ajá àgbà náà máa ń dàrú. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń fọwọ́ darí rẹ̀. Nígbà tí Bàámi ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá wọn ṣàìsùn. Owó lèmi ń fi ránṣẹ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, bí àwọn ọmọ ṣe ń yin báńgà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni Tanímọ̀la wà, ó ń gbọ̀n. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ti ń yìn ín lẹ́nu géètì, ọ̀kan tiẹ̀ mú mi fò sókè lórí àga. Òun ń hanrun lórí kámpálà rẹ̀. Mi ò ní lè lọ ìsọ́ òru. Tó bá ti tó bí aago méjì, á dìde, á máa wá ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un.