Ilẹ̀kùn tó pè mí ní àlejò

Aago méje àárọ̀ òní ni mo dúró síwájú ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, tó yẹ kó máa ṣí fún ojú tó bá mọ̀. Ó wo ojú mi, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà: ÀLEJÒ. Mo sún mọ́ kámẹ́rà. ÀLEJÒ. Mo bọ́ awò ojú mi, mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń bẹ onílé. ÀLEJÒ. Èmi tí irin tí a fi ń jo wáyà pọ̀ ti jó níka lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀!

Ibi tí mo ti ń bá a fà á ni ọmọ kíláàsì wa kan ti yà wọlé láti yá wáyà fóònù. A ò ya fọ́tò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí rí. Ó kàn gba iwájú kámẹ́rà kọjá, kọ́kọ́rọ́ dún kà!, ilẹ̀kùn ṣí, ó sì fi orúkọ mi kí i káàbọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, torí ọ̀la la máa gbé e síwájú olùkọ́ wa.

Ohun tí mo ń pè ní ilẹ̀kùn yìí, pákó pẹlẹbẹ kan ni tí a gbé ró sínú férémù lórí tábìlì. Kámẹ́rà wà lókè, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, wà lẹ́yìn, relay kan, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá, sì wà láàárín Pi àti kọ́kọ́rọ́ tó ń lo iná. Pi kò lè dá kọ́kọ́rọ́ náà ṣí: fólítì 3.3 ló ń jáde lẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ń fẹ́ 12. Relay ni alárinà.

Iná la bá jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá fà ni Pi ń kú tó ń jí, torí orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń mu iná. A fún kálukú ní tirẹ̀, a sì so diode 1N4007, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí iná tí wáyà inú rẹ̀ ń tì padà nígbà tí a bá pa á má baà ba nǹkan jẹ́. Ìyẹn ti tán. Ti òní ló dùn mí.

Ẹni tó bá ti lo OpenCV rí, àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń wo àwòrán, á ti fura sí ohun tó ṣẹlẹ̀. LBPH ni ọ̀nà tí a mú láti fi dá ojú mọ̀. Á mú ẹyọ àmì kékeré kọ̀ọ̀kan (pixel) nínú fọ́tò, á fi wé àwọn mẹ́jọ tó yí i ká, èwo ló mọ́lẹ̀ jù ú, èwo ló ṣókùnkùn jù ú. Á pín ojú sí igun mẹ́rin wẹ́wẹ́ 64, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró, á sì ṣírò irú àmì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú tuntun bá dé, á wá èyí tó jọ ọ́ jù lọ nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fún ọ ní orúkọ kan àti nọ́ńbà kan. Confidence ni wọ́n pe nọ́ńbà náà. Mo rí ọ̀rọ̀ yẹn, mo rò pé ìdánilójú ló túmọ̀ sí, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Irọ́ gbáà! Bí ojú méjì ṣe jìnnà síra wọn ló ń wọ̀n. Òdo ni tí wọ́n bá bára mu pátápátá. Èmi sì ti kọ ọ́ sínú kóòdù pé bó bá ju 70 lọ, kó ṣí. Tèmi jẹ́ 41, ó lé mi. Ti ọmọ kíláàsì wa jẹ́ 97, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni mo yí padà, “ó ju” di “ó kéré sí”, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń bú kámẹ́rà.

Orúkọ mi tó fi pè é ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe rárá. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “n ò mọ ẹni yìí”. Ẹni tó bá jọ ọ́ jù ló máa dárúkọ, bí ìjọra náà ò tiẹ̀ tó nǹkan. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ pààlà tó máa fi mọ àlejò. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti ilẹ̀kùn yìí, nọ́ńbà lọ̀rọ̀ wà.

Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ yìí dé lọ́sàn-án, ó sì dúró síwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ò kọ ÀLEJÒ. Kò kọ nǹkan kan. Kò rí i pé ènìyàn wà níbẹ̀.

“Ó sàn kó pè mí ní àlejò,” ló wí.

Kí ilẹ̀kùn tó sọ ẹni tó o jẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ojú wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí Paul Viola àti Michael Jones gbé jáde ní 2001 la fi ń ṣe ìyẹn. Ibi tó mọ́lẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣókùnkùn ló ń wá, bí ẹyinjú ṣe máa ń ṣókùnkùn ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, tí egungun imú sì ń mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fèrèsé wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi, oòrùn ń tibẹ̀ wọlé, kámẹ́rà sì dín ìmọ́lẹ̀ kù. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju tèmi lọ dáadáa. Ojú rẹ̀ wá di òjìji.

Mo rántí ìwádìí tí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru tẹ̀ jáde ní 2018 lórí àwọn ètò tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lórí àwọn obìnrin tí àwọ̀ wọn dúdú, àṣìṣe dé 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí àwọn ọkùnrin tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀, kò kọjá 0.8. Nígbà tí mo kà á, mo ń dá àwọn tó ṣe ètò náà lẹ́jọ́. Àṣé èmi náà ti ya ọgbọ̀n fọ́tò ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, lórí àga kan ṣoṣo, mo sì pe ìyẹn ní ojú rẹ̀. A yí tábìlì kí fèrèsé lè bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà. A ya òmíràn: nínú oòrùn, lábẹ́ iná, pẹ̀lú gèlè, láìsí gèlè, kó yíjú díẹ̀ sọ́tùn-ún, kó yí i sósì. Nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ sí 52.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọ̀rẹ́ mi yọ fóònù rẹ̀, tó gbé fọ́tò mi síwájú kámẹ́rà. Kà! Mo wà lórí àga lẹ́yìn, fọ́tò mi ló ń wọlé. Wọ́n ní àwòrán, à-wò-rántí ni; èyí ju ìrántí lọ, ó ṣojú mi pátá. A fi ojú ṣíṣẹ́ kún un, kí ilẹ̀kùn má ṣí àyàfi tí ẹni náà bá ṣẹ́jú. Àmì mẹ́fà yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan ká, kóòdù ń wọn bí ìpéǹpéjú òkè ṣe jìnnà sí ti ìsàlẹ̀, ó sì ń fi ìbú ojú pín in. Bí ojú bá pa dé, iye náà á já wálẹ̀. Fọ́tò kì í ṣẹ́jú.

“Fídíò ńkọ́?”

Mo dákẹ́. Fídíò ń ṣẹ́jú. A so bọ́tìnì onínọ́ńbà mọ́ ọn, kí ẹni tó bá fojú hàn tún tẹ nọ́ńbà mẹ́rin. Ó ká mi lára díẹ̀, torí èmi ni mo kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ wa pé ojú nìkan á tó. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn lásán la fi sínú, tí kò ní wáyà kankan, torí kọ́kọ́rọ́ wa máa ń tì ni bí iná bá lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni há sẹ́yìn iṣẹ́ wa.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ mi ní, “Tí a bá ti ṣe tọ̀la tán, jọ̀ọ́, yọ ojú mi kúrò nínú ẹ̀.” Mo ní kò le. Mo da fáìlì kọ kí tọ̀la má baà bàjẹ́, mo sì pa gbogbo fọ́tò rẹ̀ rẹ́ lójú rẹ̀. Ó dúró síwájú kámẹ́rà, ó ṣẹ́jú. Kà! Ilẹ̀kùn fi orúkọ rẹ̀ kí i. Fọ́tò ti lọ, ohun tí kóòdù ti ṣírò látinú wọn ṣì wà, LBPH sì gbà kí a fi ojú kún un, kò gba kí a yọ ojú kan ṣoṣo. Mo ní láti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí i níbẹ̀.

Ó tún dúró. 88. ÀLEJÒ.

Ó wò ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé báàgì rẹ̀. “Ó dàárọ̀,” ló wí, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni tàbí ilẹ̀kùn. Mo dá fáìlì tó ní ojú rẹ̀ padà sáyè rẹ̀, títí ọ̀la.