Fíìmù Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Kíláàsì Kẹ́místírì

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ló gbà pé fíìmù ṣíṣe nílé ìwé kò ju eré tí a fi ń pa àkókò lẹ́yìn ìdánwò lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí a tó tan kámẹ́rà rárá ni ẹ̀kọ́ ti ń wọ àwọn ọmọ lára.

Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ní kíláàsì SS2 ní Abẹ́òkúta, mo ní kí wọ́n ṣe fíìmù ìṣẹ́jú 3 lórí aró. Kí wọ́n tó lè kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ sínú rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n mọ̀ pé aró ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán, àti pé ìdí nìyí tí àwọn aláró fi ń rẹ ẹ̀lú sínú omi eérú fún ọjọ́ bíi mélòó kan, títí àwọn kòkòrò tín-ín-tín inú ìkòkò yóò fi sọ ọ́ di ohun tó lè wọ inú òwú. Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, lónìí, kẹ́míkà bíi kọ́sítíìkì sódà àti sodium hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò, iṣẹ́ náà sì yá ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì.

Ọmọbìnrin kan bi ìyá aláró àgbà kan tó ṣì ń lo ẹ̀lú pé, “Màmá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó rẹ aṣọ?” Ìyá dáhùn pé, “Imú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.” Wọ́n ní láti padà sídìí ìwé kí wọ́n tó lè ṣàlàyé ohun tó fa òórùn náà.

Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to àwòrán pọ̀. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kan ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, ó ní aṣọ kàn wà lórí okùn ni, kò ṣe nǹkan kan. Ẹnìkejì rẹ̀ fèsì pé, “Ibi tí ọ́síjìn ti ń ṣiṣẹ́ lo fẹ́ gé yẹn o!” Àlàyé tèmi lójú pátákó kò wọ̀ wọ́n létí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fóònù kan tó fún ọmọ márùn-ún, bí wọ́n bá ti lè gbé e sún mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí atẹ́gùn má baà bo ohùn. Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ aláró ṣáájú. Ní ti máàkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ àti bí wọ́n ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni mo ń wò, n kì í wo dídán àwòrán, nítorí pé kì í ṣe gbogbo òbí ló lè ra fóònù olówó ńlá.