Ọ̀sẹ̀ 17 la ó parí ẹ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to ìpele àṣekágbá líìgì fantasy football wa tán ni (eré tí kálukú ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi sínú ẹgbẹ́ tiẹ̀, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá á sì di máàkì fún un), inú mi sì ń dùn. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wọlé. Àwọn méjì tó wà lókè tábìlì máa sinmi ní ọ̀sẹ̀ 15, àwọn mẹ́rin tó kù á kojú ara wọn.

Ẹnìkan ní ká gba àṣekágbá ní ọ̀sẹ̀ 18 NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tá a ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù wa; ọ̀sẹ̀ yẹn ló kẹ́yìn kí ìpele àṣekágbá tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá o! Ẹgbẹ́ NFL tí ipò rẹ̀ ti dájú sábà máa ń fi àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ yẹn. Kéèyàn ti máa ṣe wàhálà bọ̀ láti oṣù kẹsàn-án, kí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wá dé fìlà jókòó, kó mú òdo wálé? Ó dùn mí dénú láti rò ó.

Líìgì tiyín ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ wo lẹ fi parí tiyín?